Àmì, Ẹ̀kọ́ àti Orò: Àyẹ̀wò Ìlò Àmì nínú Ìwé Orò Ẹgbẹ́ Golden Dawn

Ìfáàrà

Ọ̀kan nínú àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ tí ó jẹ mọ́ ìmọ̀ awo ni kí òǹkàwé mú àtẹ ìtumọ̀ àmì lọ́wọ́, kí ó máa fi í ṣí ewì tàbí orò bí ẹni ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí àpótí. Bí ó bá rí òdòdó róòsì, yóò kọ ‘ìfẹ́’ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Bí ó bá rí òpó dúdú àti òpó funfun, yóò kọ ‘ibi àti ire’. Bí ó bá ti ṣe èyí tán, ó gbà pé iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n bí àmì bá jẹ́ ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè rọ́pò, kí ni ìdí tí àwọn tí wọ́n lò ó fi ní láti di ojú ènìyàn, kí wọ́n so okùn mọ́ ọn nídìí, kí wọ́n sì mú un yí gbọ̀ngàn ká kí wọ́n tó fi àmì náà hàn án?

Ìbéèrè yìí ni ó mú kí ìwé orò ẹgbẹ́ Hermetic Order of the Golden Dawn yẹ fún àyẹ̀wò. Ẹgbẹ́ awo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìtumọ̀ Golden Dawn ni Àfẹ̀mọ́júmọ́ Oníwúrà. Kò pẹ́ láyé, nítorí pé kò tó ọdún 16 tí wọ́n dá a sílẹ̀ tí ó fi pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Síbẹ̀, akéwì W. B. Yeats, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ ní ọdún 1923, wà lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, ipa tí ẹ̀kọ́ ibẹ̀ sì ní lórí iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Kókó tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé nínú ìwé orò náà, ohun 3 ni í so àmì ró: ẹ̀kọ́, ìṣe àti ohùn. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, àmì a di ọ̀dà lára ògiri.

Ìpilẹ̀ Ẹgbẹ́ Náà àti Ìwé Àdììtú

Ọdún 1888 ni àwọn ọkùnrin 3 dá tẹ́ḿpìlì àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ náà, èyí tí wọ́n pè ní Isis-Urania, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. William Wynn Westcott jẹ́ dókítà tí ìjọba fi sí ipò olùwádìí ikú òjijì. Dókítà ni William Robert Woodman náà. Samuel Liddell MacGregor Mathers ní tirẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ka ìwé àtijọ́ tí ó sì ń túmọ̀ wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ Freemason ni gbogbo wọn. Ohun tí ó mú ẹgbẹ́ tuntun yìí yàtọ̀ sí ti Freemason ni pé ó gba obìnrin wọlé ní ìpele kan náà pẹ̀lú ọkùnrin. Florence Farr tí ó jẹ́ òṣèré orí ìtàgé, Annie Horniman tí ó ná owó rẹ̀ lórí tíátà, àti Moina, àbúrò Henri Bergson onímọ̀ ọgbọ́n-orí, tí ó di aya Mathers, jẹ́ òpómúléró níbẹ̀. Ìwé Mímọ́, tíátà àti ilé ìkàwé ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti wá, èyí sì hàn gbangba nínú bí orò náà ṣe rí.

Ìpìlẹ̀ orò náà ni ìwé pélébé-pélébé kan tí wọ́n fi lẹ́tà àdììtú kọ. Ọwọ́ Johannes Trithemius, olórí ilé àwọn mọ́ńkì kan ní Jámánì láyé àtijọ́, ni irú lẹ́tà náà ti wá. Nígbà tí wọ́n tú àdììtú náà, egungun orò lásán ni wọ́n bá níbẹ̀: ta ni yóò dúró síbí, kí ni yóò gbé lọ́wọ́, ìbéèrè wo ni yóò béèrè. Mathers ni ó fi ẹran bo egungun náà. Westcott sọ pé òun rí àdírẹ́sì obìnrin ará Jámánì kan, Anna Sprengel, nínú ìwé náà, pé òun kọ̀wé sí i, pé òun ni ó sì fún àwọn láṣẹ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1900, Mathers fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí Florence Farr pé ayédèrú ni àwọn lẹ́tà tí Westcott ń kó kiri. Nígbà tí Ellic Howe tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ẹgbẹ́ náà jáde ní ọdún 1972, ìpinnu tí òun náà dé ni pé ayédèrú ni wọ́n.

Àwọn kan ti torí èyí sọ pé ìwé orò náà kò yẹ fún ìkàsí. Ìdájọ́ yìí kò tọ̀nà. Irọ́ ni ẹni tí ó bá sọ pé àṣẹ ti Jámánì wá pa, ó sì yẹ kí òpìtàn bá a wí. Ṣùgbọ́n orísun ọ̀rọ̀ kọ́ ni lámèyítọ́ ń díwọ̀n nìkan. Ohun tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ gbayì kò ní dúró lórí ibi tí wọ́n ti ra òwú, yóò wo bí wọ́n ṣe hun ún.

Ẹ̀kọ́: Àtẹ Ìbáramu

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń gbé lé ọmọ ẹgbẹ́ tuntun lọ́wọ́ ni ìwé kíkà. Yóò kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù tí ó ní lẹ́tà 22. Yóò kọ́ orúkọ ìràwọ̀ 12 tí òòrùn ń gbà kọjá lọ́dún, ti pílánẹ́ẹ̀tì 7 àtijọ́, àti ti ojúkò 10 tí ó wà lára Igi Ìyè nínú ìmọ̀ Kabbalah àwọn Júù. Ipa 22 ni ó so ojúkò 10 náà pọ̀; ipa kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà Hébérù kan, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ní káàdì kan nínú àgbà káàdì 22 ti Tarot. Báyìí ni wọ́n ṣe so ohun tí ó ti Íjíbítì wá mọ́ ti Júù, ti Júù mọ́ ti Gíríìkì, ti Gíríìkì mọ́ ti Kìrìsìtẹ́nì, títí gbogbo rẹ̀ fi wọ inú àtẹ kan. Orí Igi Ìyè yìí kan náà ni wọ́n gbé oyè ẹgbẹ́ kà: láti orí Neophyte tí ó jẹ́ ẹnu ọ̀nà, dé Zelator, Theoricus, Practicus àti Philosophus, kí ènìyàn tó lè wọ inú ẹgbẹ́ kejì tí ó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

Ìdánwò wà láàárín oyè kan sí èkejì. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti wọ ẹgbẹ́ kejì, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun èlò rẹ̀: ọ̀pá, ife, ọ̀bẹ olójú méjì àti àwo pẹlẹbẹ tí ó dúró fún ilẹ̀. Yóò kùn wọ́n ní àwọ̀ tí ó bá wọn mu, yóò kọ orúkọ sí wọn lára, yóò sì yà wọ́n sí mímọ́. Kò gbọdọ̀ rà wọ́n lọ́jà. Ọ̀rọ̀ ìdánwò yìí ká Yeats lára débi pé ní ọdún 1901, nígbà tí ẹgbẹ́ ń jà, ó tẹ ìwé pélébé kan fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti gbèjà oyè àti ìdánwò, kí ó sì tako àwọn tí wọ́n ń dá ọ̀wọ́ kéékèèké sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ní ojú tirẹ̀, ìpele ẹ̀kọ́ ni ó sọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ di ara kan.

Ibí yìí ni agbára àtẹ náà wà, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà. Agbára rẹ̀ ni pé ó ń kọ́ ojú láti rí ìbátan: ẹni tí ó bá ti kọ́ ọ kò tún ní rí àwọ̀ pupa láìrántí iná. Ewu rẹ̀ ni pé kò sí ohun tí kò lè wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ohun gbogbo bá ti bá ohun gbogbo mu, ìtumọ̀ a di fẹ́lẹ́. Olóyè tí ó jókòó sínú gbọ̀ngàn ní orúkọ Gíríìkì, ó dúró fún òrìṣà Íjíbítì, ó ń pe ọ̀rọ̀ Hébérù, ó sì wà níwájú àgbélébùú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń sọ pàápàá ti gbó, ó jọ ti Bíbélì ayé ọba James. Àléébù ni èyí, kò sì yẹ kí lámèyítọ́ dákẹ́ lórí rẹ̀: ọ̀rọ̀ pọ̀ ju ẹrù tí ó ń gbé lọ ní ibi púpọ̀.

Orò: Láti Inú Òkùnkùn sí Ìmọ́lẹ̀

Síbẹ̀, bí orò bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àléébù yìí ni ìṣe ń wò sàn. Nínú orò Neophyte, wọ́n á fi aṣọ di ọ̀gbẹ̀rì lójú, wọ́n á sì fi okùn yí i nídìí nígbà 3. Kò mọ bí gbọ̀ngàn ti tóbi tó, kò sì mọ iye ènìyàn tí ó wà níbẹ̀. Ohùn ni ó ń gbọ́. Wọ́n á wọ́n omi sí i lára, yóò gbóòórùn tùràrí. Wọ́n á dá a dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á ní kò tíì mọ́ tó láti kọjá. Wọ́n á tún wẹ̀ ẹ́ mọ́, wọ́n á tún mú un lọ. Yóò kúnlẹ̀ níbi pẹpẹ, yóò sì búra. Lẹ́yìn ìbúra àti ìyípo ni wọ́n á tó ṣí i lójú, tí yóò wá rí òpó dúdú àti òpó funfun, àti àwọn olóyè nínú aṣọ oyè wọn. Okùn náà kò ní kúrò nídìí rẹ̀ lójú kan náà. Ó di ìgbà tí wọ́n bá ṣàlàyé fún un pé òun ni ó kù nínú àmì òkùnkùn tí ó ti jáde wá.

Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé kíyè sí ètò yìí. Ẹni tí wọ́n fi àwòrán òpó 2 hàn nínú ìwé yóò rí ‘ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn’. Ẹni tí ó ti wà nínú òkùnkùn fún àkókò gígùn, tí ó wá la ojú bá òpó 2 níwájú, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ wọn fún un. Ara rẹ̀ ti túmọ̀ wọn kí ojú rẹ̀ tó rí wọn. Ìlànà eré-oníṣe ni èyí: ìdádúró, ìdènà tí ó ń wáyé léraléra, àti ìṣípayá. Àwọn òṣèré tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ náà mọ iṣẹ́ wọn.

Ìparí orò náà tún dára ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Ohun 4 wà lórí pẹpẹ fún ipò ìṣẹ̀dá 4: róòsì fún afẹ́fẹ́, fìtílà pupa fún iná, ife wáìnì fún omi, búrẹ́dì àti iyọ̀ fún ilẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbóòórùn òdòdó náà, yóò na ọwọ́ sí iná, yóò jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú iyọ̀, yóò sì mu nínú wáìnì, lẹ́yìn náà yóò gbé e fún ẹni tí ó kàn. Ẹni tí ó bá mu kẹ́yìn yóò mu ún gbẹ, yóò dojú ife délẹ̀, yóò sì kéde pé ó ti parí. Kò sí àlàyé kankan tí ó lè ṣe ohun tí ife tí ó dojú délẹ̀ náà ṣe.

Ní ti ẹgbẹ́ kejì, ibojì ni àmì tí ó gbapò iwájú. Ìwé Fama Fraternitatis, tí wọ́n tẹ̀ ní Kassel ní Jámánì ní ọdún 1614, sọ ìtàn Christian Rosenkreutz tí wọ́n sin sínú ibojì ológiri 7, tí wọ́n sì ṣí i lẹ́yìn ọdún 120. Ẹgbẹ́ Golden Dawn kọ́ ibojì náà ní tòótọ́. Ògiri 7 ni wọ́n ṣe, wọ́n pín ògiri kọ̀ọ̀kan sí igun mẹ́rin-mẹ́rin 40, wọ́n sì fi ọ̀dà aláwọ̀ oríṣiríṣi kùn wọ́n. Wọ́n á so ẹni tí ó fẹ́ gba oyè mọ́ àgbélébùú kí ó tó búra. Nígbà tí ilẹ̀kùn ibojì bá ṣí, olórí ẹgbẹ́ ni yóò bá nínú pósí, tí yóò sì fi ohùn òkú bá a sọ̀rọ̀. Ìtàn tí ènìyàn kà nínú ìwé ti di yàrá tí ó wọ̀.

Àmì 16 àti Ọ̀rọ̀ Odù

Lára ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ ń kọ́ ni àmì 16 kan tí yóò jọ onímọ̀ Yorùbá lójú. Ìlà 4 ni àmì kọ̀ọ̀kan ní, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní ẹyọ 1 tàbí ẹyọ 2. Via ni orúkọ èyí tí ó jẹ́ ẹyọ kan-kan láti òkè dé ìsàlẹ̀; Populus ni èyí tí ó jẹ́ méjì-méjì. Ojú àkọ́kọ́ jọ Ogbè, ojú kejì jọ Ọ̀yẹ̀kú. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ìmọ̀ yìí ti wọ èdè Látìnì ní Sípéènì láàárín ọdún 1100 sí 1200, nígbà tí Hugo ará Santalla túmọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìwé rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé ọwọ́ Cornelius Agrippa, tí ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù. Ìbátan rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù ní ilẹ̀ Yorùbá ni yanrìn títẹ̀ tí àwọn áàfáà ń ṣe, nítorí pé orísun Lárúbáwá kan náà ni àwọn méjèèjì ní.

Ìjọra yìí ti mú kí àwọn kan yára sọ pé ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni Ifá ti wá, kí àwọn mìíràn sì sọ pé ọ̀dọ̀ Ifá ni òyìnbó ti jí tiwọn. Ìṣirò fúnra rẹ̀ ń pe onímọ̀ sí sùúrù. Ibikíbi tí ènìyàn bá ti ní ipò 4, tí ipò kọ̀ọ̀kan sì lè gba ọ̀nà 2, iye tí yóò rí ni 16, ì báà jẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí ní Sípéènì. Ìjọra iye nìkan kò tó láti fi pe ẹnìkan ní baba ẹnìkejì.

Ohun tí ó kan lámèyítọ́ ni ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé ka orí àmì náà. Nínú ìlànà Golden Dawn, àmì 4 àkọ́kọ́ tí ó bá jáde, tí wọ́n ń pè ní Ìyá, yóò bí Ọmọbìnrin 4. Láti inú wọn ni wọ́n ti ń rí àwọn yòókù títí dé Ẹlẹ́rìí 2 àti Adájọ́ 1. Àmì 8 péré nínú 16 ni ó lè ṣe Adájọ́, nítorí pé iye ẹyọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí méjì. Ìtumọ̀ wá láti inú pílánẹ́ẹ̀tì tí ó ni àmì àti ilé 12 ojú ọ̀run tí ó bọ́ sí. Via àti Populus pàápàá, tí wọ́n jẹ́ òdìkejì ara wọn, Òṣùpá ni ó ni àwọn méjèèjì. Nínú Ifá, bí Odù bá ti jáde, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Babaláwo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹsẹ: awo tí ó dá Ifá, ẹni tí wọ́n dá a fún, ìṣòro rẹ̀, ẹbọ tí wọ́n ní kí ó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, àti ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Wande Abimbola ti fi ìlànà rẹ̀ hàn. Odù 256 kì í ṣe àtẹ. Ilé àkójọ lítíréṣọ̀ ni.

Ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì nìyí. Àmì 16 ti Lọ́ńdọ̀nù ní ìṣirò, ó ní pílánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò ní ìtàn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni ó yẹ kí òǹkàwé ti wá lítíréṣọ̀ ẹgbẹ́ náà. Inú orò ìgbàwọlé ni ó wà, nítorí pé ibẹ̀ ni àmì ti rí ìtàn tí yóò gbé e rìn: ìtàn ọ̀gbẹ̀rì kan tí ó ń wá ìmọ́lẹ̀.

Yeats àti Róòsì Orí Àjà

Oṣù Kẹta ọdún 1890 ni Yeats wọ ẹgbẹ́ náà. Kò sí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó fi ìrírí yìí hàn tó ìtàn ‘Rosa Alchemica’, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1896. Nínú rẹ̀, Michael Robartes mú asọ̀tàn lọ sí tẹ́ḿpìlì kan ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Ireland. Asọ̀tàn kọ́kọ́ ka ìwé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn èyí ó kọ́ ìgbésẹ̀ ijó kan. Róòsì ńlá wà lórí àjà, ẹsẹ̀ àwọn tí ń jó sì ń ya ewé róòsì náà sórí ilẹ̀. Bí ijó ti ń gbóná, ewé òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti òkè, wọ́n sì ń di ẹ̀dá tí ń jó. Nígbà tí asọ̀tàn jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ilẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ṣákálá ni ó bá ara rẹ̀ lé, àjà kò ga, róòsì orí rẹ̀ kò sì ju àwòrán kan tí ọwọ́ aláìmọ̀-ọ́n-ṣe kùn. Àwọn ará ìlú ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń lu ilẹ̀kùn. Ó sá lọ.

Òǹkàwé tí ó bá ní àtẹ lọ́wọ́ yóò sọ pé róòsì dúró fún ẹwà ayérayé, yóò sì ṣí ojú ìwé kejì. Ohun tí Yeats ń sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Róòsì kan náà ni ó wà lórí àjà lóru àti lówùúrọ̀. Ọ̀dà rẹ̀ kò yí padà. Ijó ni ó dá dúró. Ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ fún ọdún 6 ni ó kọ èyí. Ó gba àmì gbọ́, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí àwọn ènìyàn bá ti dáwọ́ orò dúró, ògiri ni yóò ṣẹ́ kù. Àwọn tí ń lu ilẹ̀kùn náà kò wà níbẹ̀ lásán. Àwọn ni aráyé tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ náà, tí ó sì jẹ́ pé ohun ìbẹ̀rù lásán ni àmì jẹ́ lójú wọn.

Nígbà tí Orò Di Ìwé Títẹ̀

Ìbúra ìpamọ́ ni ó de gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ìjà ọdún 1900, èyí tí wọ́n fi lé Mathers kúrò, ẹgbẹ́ náà túká sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́. Aleister Crowley, tí ó wọlé ní ọdún 1898, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orò náà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà rẹ̀. Mathers pè é lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1910, ṣùgbọ́n kò rí i dá dúró. Láàárín ọdún 1937 sí 1940, Israel Regardie tẹ orò àti ẹ̀kọ́ náà jáde ní ìdìpọ̀ 4 ní Chicago. Ó ní ẹgbẹ́ ń kú lọ, àti pé bí òun kò bá tẹ̀ ẹ́, yóò bá àwọn àgbà wọ ibojì.

Ẹ̀sùn pé ó dalẹ̀ tọ́ sí i, ọpẹ́ náà sì tọ́ sí i. Láìsí ìdìpọ̀ 4 náà, kò ní sí ohun tí lámèyítọ́ yóò yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àti ìlànà. Kò lè tẹ òkùnkùn inú aṣọ ìdíjú, kò lè tẹ òórùn tùràrí, kò sì lè tẹ ìgbà tí ó kọjá láàárín ìbéèrè kan àti ìdáhùn rẹ̀. Ìṣòro yìí kan náà ni ó ń bá gbogbo ẹni tí ó ti gba ohùn ẹnu awo sílẹ̀ tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé a gba ọ̀rọ̀ là, a sì fi ihò sílẹ̀ níbi tí ara àti ohùn wà. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti ka ihò náà mọ́ ọ̀rọ̀.

Ìgúnlẹ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ìwé orò Golden Dawn kì í ṣe àtẹ àmì tí wọ́n fi aṣọ bò. Ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́ ojú, orò ni ó ń kọ́ ara, ohùn àti ìtàn ni ó sì ń so wọ́n pọ̀. Ibi tí ìwé náà ti kùnà ni ibi tí àtẹ ti pọ̀ ju ìṣe lọ. Ibi tí ó ti yọrí ni ibi tí ohun ìṣojú kékeré kan, bí okùn ìdí tàbí ife tí ó dojú délẹ̀, ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àlàyé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ka Yeats, tàbí tí ó fẹ́ ka lítíréṣọ̀ awo yòówù, kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé, ‘Kí ni àmì yìí dúró fún?’ Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé, ‘Ta ni ó rí i, kí ni wọ́n ti ṣe fún un kí ó tó rí i, kí ni ó sì ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ó rí i?’ Bí ó bá ti dáhùn èyí, ó lè wá ṣí àtẹ.